Yèyé, Tanwíjí àti Ojú Bùọ̀dá Láyí

Ní ilé wa ní Ìlódè, ní Ifẹ̀, etí ni mo fi ń mọ̀ bóyá àlàáfíà wà, kí n tó mọ̀ ọ́n fojú wò. Ìgbálẹ̀ Yèyé ló ń kọ́kọ́ dún láàárọ̀. Yèyé ni ìyá bàbá mi, wọ́n sì gbà pé ẹni tí oòrùn bá bá lórí ẹní, ìṣẹ́ ló fẹ́ bá a sùn. Lẹ́yìn ìgbálẹ̀ ni ohùn Àáfà, ayálégbé wa tó ti Ìwó wá, tí wọ́n máa ń ké kéwú jẹ́jẹ́ nínú yàrá iwájú. Lẹ́yìn náà ni Mọ́mì mi, tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á máa wá ẹsẹ̀ bàtà wọn kan káàkiri, tí wọ́n á sì máa bi gbogbo wa léèrè bí ẹni pé a fi í se ọbẹ̀. Àmọ́ ìró tó borí gbogbo rẹ̀ ni ti ẹ̀rọ ìránṣọ Bùọ̀dá Láyí, àbúrò bàbá mi, tí wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, tí wọ́n ń tẹ ẹ̀rọ, tí wọ́n sì ń kọ orin tí ẹnikẹ́ni kò lè bá wọn gbè. Bàbá mi kì í sí nílé lọ́pọ̀ ìgbà, oko kòkó ló gbà wọ́n lọ́wọ́ wa, nítorí náà Bùọ̀dá Láyí ni ọkùnrin ilé. Bí ẹ̀rọ wọn bá dákẹ́ pẹ́ díẹ̀, Yèyé á ké láti ẹ̀yìnkùlé pé, "Láyí, ṣé kò sí o?" Bùọ̀dá á dáhùn pé, "Kò sí, Yèyé. Òwú ló já." Ìgbà tí èmi náà di abiyamọ ni mo tó mọ̀ pé ìyá kan ló ń ṣọ́ èémí ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé yẹn ni ìkòkò wà. Ìkòkò amọ̀ ńlá ni, ìyá tó bí Yèyé ló fi í lé wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń relé ọkọ, ó sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí mo ní láti gun òkúta kí n tó lè yọjú sínú rẹ̀. Abẹ́ ibi tí omi òjò ti ń dà láti orí páànù ni wọ́n gbé e sí, omi òjò nìkan sì ni Yèyé ń mu. Omi ẹ̀rọ wà ládùúgbò, bàbá mi sì ti gbẹ́ kànga, ṣùgbọ́n Yèyé kò gbẹ́kẹ̀ lé omi tí wọn kò rí ibi tó ti ń bọ̀. Wọ́n ní ayé ti bàjẹ́, ẹni tó bá fẹ́ pa ọ̀tá rẹ̀ kò ní pariwo, nǹkan ni yóò jù sómi. Ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ju nǹkan sí omi tiwa ni tanwíjí, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tó máa ń tẹ̀ síbí tẹ̀ sọ́hùn-ún lójú omi tó bá pẹ́ nílẹ̀. Bí tanwíjí bá wà láàyè, omi mọ́, kò sí májèlé níbẹ̀. Bó bá kú, kí onílé máa sá. Iṣẹ́ mi ni láti yẹ̀ wọ́n wò láràárọ̀. N ó gun òkúta, n ó yọjú, n ó sì jábọ̀ pé, "Yèyé, wọ́n ń jó." Yèyé á ní, "Kí wọ́n máa jó. Omi tí nǹkan ẹlẹ́mìí ò lè gbé inú ẹ̀, ikùn tèmi kọ́ ni yóò gbé e." Wọ́n á wá fi aṣọ funfun kan sẹ́ omi náà, wọ́n á dá àwọn oníjó padà sínú ìkòkò tìfẹ́tìfẹ́, wọ́n á sì bu èyí tó kù mu. Mọ́mì mi, tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìmọ́tótó nílé ìwé, kì í sọ̀rọ̀ sí i. Ìyàwó ilé ni wọ́n, ìkòkò sì ti wà nílé kí wọ́n tó dé.

Kì í ṣe pé Yèyé kò ka ẹ̀fọn sí o. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni wọ́n á ti kó àwa ọmọdé sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á tẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ abẹ́ ẹní bí ẹni ń pọ́n mọ́ín-mọ́ín, ẹni tó bá ní ìtọ̀ ń gbọ̀n òun, ó di kílẹ̀ ó mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀fọn kan wà tó ń jẹ wá lọ́sàn-án gangan, dúdú, tí àmì funfun wà lẹ́sẹ̀ wọn bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀. A bá Yèyé sọ ọ́. Wọ́n ní ẹ̀fọn tó mọ ohun tó ń ṣe kì í rìn lọ́sàn-án, pé àwọn yẹn kàn ń ṣeré ni. Mo sì gbà bẹ́ẹ̀, mo ń yún ẹsẹ̀.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni Bùọ̀dá Láyí fẹ́ gbé ìyàwó. Àǹtí Bọ́lá, ọmọ Ìpetumodù, ni àfẹ́sọ́nà wọn. Bùọ̀dá ti rán aṣọ ìgbéyàwó ara wọn, wọ́n tú u, wọ́n tún un rán, wọ́n ní télọ̀ tí aṣọ tirẹ̀ bá wọ́, oníbàárà á sá. Nígbà tí ìgbéyàwó kù díẹ̀, wọ́n lọ bá bàbá mi ká kòkó, wọ́n sì sùn sí abà fún bí ọ̀sẹ̀ kan, níbi tí ọ̀bọ ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Wọ́n gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà bọ̀ wálé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ dákẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Yèyé ké pé, "Láyí, ṣé kò sí o?" A kò gbọ́ ìdáhùn. Nígbà tí a débẹ̀, Bùọ̀dá ti gbé orí lé ẹ̀rọ. Ara wọn gbóná fòò, wọ́n ní ẹ̀yìn ń ro àwọn, orí ń fọ́ àwọn, ìmọ́lẹ̀ pàápàá ń dun ojú àwọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ń bì.

Ní Ifẹ̀, bí ara ẹnì kan bá gbóná, ibà ni, gbogbo èèyàn ló sì mọ oògùn ibà. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń gbà fún ara wọn. Yèyé kó ewé ìbẹ́pẹ, ewé dóńgóyárò, èèpo mọ́ńgòrò àti ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ìkòkò dúdú, wọ́n sì dá ẹjọ́ pé oòrùn oko àti epo pupa ló kó sí ọmọ àwọn lára. Láti ọjọ́ náà, epo pupa di èèwọ̀ fún gbogbo ilé, àtẹni tó ń ṣàìsàn àtẹni tó ń fò sókè. Ẹ̀fọ́ tí a ń jẹ funfun bí aṣọ Àáfà. Mọ́mì gba ẹ̀yìn lọ sí kẹ́místì, wọ́n ra oògùn ibà, wọ́n sì mú ẹni tó gún Bùọ̀dá lábẹ́rẹ́ wá nígbà tí Yèyé lọ já ewé. "Ọkọ mi," bẹ́ẹ̀ ni Mọ́mì ń pè wọ́n, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Màmá rí ojú abẹ́rẹ́." Àáfà ní tiwọn kọ kéwú sí wàláà, wọ́n fọ̀ ọ́ sínú abọ́, wọ́n sì gbé hàntú náà wá pẹ̀lú àdúrà gígùn. Bùọ̀dá Láyí, tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú, gba gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ ẹsẹ̀ Yèyé, wọ́n á ti ìgò oògùn sábẹ́ ìrọ̀rí. Bí wọ́n bá gbọ́ ti Mọ́mì, wọ́n á fi aṣọ bo àgbo. Àìsàn nìkan kọ́ ló ń dá wọn lágara níbẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, a jí, ara wọn tutù. Bùọ̀dá Láyí bèèrè oúnjẹ, wọ́n jẹ ẹ̀kọ, wọ́n sì jókòó sídìí ẹ̀rọ. Nígbà tí ìró yẹn bẹ̀rẹ̀, Yèyé ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

"Ewé ń jẹ́," ni wọ́n wí sójú ọ̀run. "Bí oògùn ò bá jẹ́, ewé ẹ̀ ni ò pé. Tèmi pé."

Àáfà yọ sí ẹnu ọ̀nà wọn. "Alihamudulilahi. Ọlọ́run ló ń wo èèyàn sàn, Yèyé. Ó kàn máa ń gba ọwọ́ ẹnì kan kọjá ni."

"Ọwọ́ ta ló wá gbà?" Yèyé bèèrè.

"N ò dárúkọ ara mi o," ni Àáfà wí, wọ́n sì dúró kí ẹlòmíràn bá wọn dá a.

Mọ́mì ní tiwọn ń kọ orin ìjọ lábẹ́ ètè bí ẹni tó mọ ohun tí aráyé kò mọ̀. Yèyé rọ àgbo sí ìgò, wọ́n ní kí n pín in fún ojúlé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ń gbé àdúgbò náà. Ó ti yé mi báyìí pé ìwà àìsàn yẹn ni. Ó máa ń sinmi. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, bó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn, oògùn ẹni tó bá sún mọ́ tòsí ló máa gba ìyìn. Lára àwọn díẹ̀, ńṣe ló lọ mí, tí yóò sì padà wá pẹ̀lú ibínú. Ẹnikẹ́ni kò sọ èyí fún wa, a sì ń yọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ náà dúró ní àárín ojú ìrán, abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú aṣọ. Èmi ni mo gbé omi lọ fún Bùọ̀dá, èmi ni mo sì kọ́kọ́ rí i: ẹyin ojú wọn ti di àwọ̀ ìyeyè tó pọ́n. Wọ́n fẹ́ bá mi ṣàwàdà, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ wà ní èrìgì wọn. Nígbà tí wọ́n bì, dúdú ló jáde. Gbogbo àwọn oníṣègùn ilé wa pé yí wọn ká, kò sì sí ẹni tó ń jiyàn ìyìn mọ́. Yèyé ní àgbo àwọn ti tán láti àná. Àáfà ní ìwọ̀nba omi díẹ̀ ṣáá ni àwọn fún un. Mọ́mì ti sáré jáde lọ wá táksí. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ kankan lọ láyé mi, nítorí mo rí i lójú Yèyé pé kò sí ewé kankan lọ́kàn wọn mọ́. Síbẹ̀, kí a tó wọ mọ́tò, wọ́n sáré lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n rọ omi ìkòkò sínú ìgò, wọ́n gbé e fún mi. "Ìwọ gbé e dání. Ọmọ mi ò ní mu omi ẹni tí n ò mọ̀."

Dókítà tó gbà wá nílé ìwòsàn jẹ́ obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀, wọ́n sì ní sùúrù. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ Bùọ̀dá, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kì í ṣe ibà tí gbogbo ayé mọ̀. Wọ́n tẹ ikùn wọn lápá ọ̀tún, Bùọ̀dá kérora. Wọ́n bèèrè iye ìgbà tí Bùọ̀dá tọ̀ láti àárọ̀, wọ́n bèèrè bóyá Bùọ̀dá lọ sí igbó láìpẹ́, bóyá ọ̀bọ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí Yèyé.

"Màmá, ibà pọ́njú ni mo fura sí. Kòkòrò àìfojúrí ló ń fà á. Ẹ̀fọn ló ń gbé e láti ara ọ̀bọ sí ara èèyàn, á sì tún gbé e láti ara èèyàn kan sí òmíràn. A máa fi ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti lè mọ̀ ọ́n dájú, àmọ́ a ò ní dúró de èsì ká tó máa tọ́jú ẹ̀."

"Ẹ fún un lóògùn ẹ̀ nígbà náà."

"Kò tíì sí oògùn tó ń pa kòkòrò yẹn, Màmá."

Yèyé wo dókítà. Wọ́n wo àjà, wọ́n wo àwọn bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wo gbogbo nọ́ọ̀sì tó ń lọ tó ń bọ̀. "Pẹ̀lú gbogbo ilé ńlá yìí?"

"Ara ọmọ yín ló máa bá a jà, àwa máa gbé ara náà ró. A máa fa omi sí i lára, a máa ṣọ́ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ bá dín, a máa fún un. Ẹ má fún un ní oògùn ara ríro kankan, àwọn mìíràn máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dà sí i. Àgbo náà, rárá. Ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ló ń gbọgbẹ́ yìí. Ẹ má gbé ẹrù lé ẹni tó ti ṣubú."

Ìgbà náà ni dókítà rí ìgò tó wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n gbà á, wọ́n gbé e sókè síbi fèrèsé. Àwọn oníjó wa ń jó. "Omi kí nìyí?"

"Omi ẹ̀ ni," ni Yèyé wí, pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀. "Ẹ rí i pé wọ́n wà láàyè. Ẹnikẹ́ni ò fi nǹkan sí i."

"Màmá, ṣé ẹ mọ ohun tí tanwíjí ń dà tó bá dàgbà?"

"Tanwíjí ni tanwíjí. Kí ló tún fẹ́ dà?"

"Ẹ̀fọn ni. Àwọn dúdú tí ẹsẹ̀ wọn ní funfun, tó ń jẹni lọ́sàn-án. Inú irú omi báyìí ni wọ́n ń bí sí. Bí èyí tó wà nílé yín bá jẹ ọmọ yín nígbà tí ibà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó lè gbé e fún ọmọ yìí." Èmi ni wọ́n nawọ́ sí. Mo wo ẹsẹ̀ mi, mo sì dẹ́kun yíyún. "Ṣé wọ́n gún ọmọ yín lábẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú rí? Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gún un, ó sì máa ń tó èèyàn lò."

Yèyé máa ń sọ pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani, ojúlé àwọn aládùúgbò ni wọ́n sì máa ń wò bí wọ́n bá ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ yẹn wọn kò wo ibì kankan.

"Àwọn alábẹ́rẹ́ wá sí ìta wa nígbà tí Láyí wà ní kékeré. Àwọn èèyàn ní abẹ́rẹ́ náà ń pa ọmọ. Mo da omi inú ìkòkò mi nù, mo gbé e sínú ẹ̀, mo fi ìdérí dé e. Mo ní kó má húkọ́. Wọ́n kanlẹ̀kùn títí, wọ́n bá tiwọn lọ." Wọ́n fi etí gèlè nu imú. "Mo rò pé mo gbà á lọ́wọ́ ikú ni."

Mọ́mì mi gbé ọwọ́ lé wọn léjìká. N kò rí i kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí Yèyé rí.

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e kò dára. Bùọ̀dá ń sọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀, nẹ́ẹ̀tì bò wọ́n tọ̀sán tòru kí ẹ̀fọn má baà gbé àìsàn wọn fún ẹlòmíràn. Àǹtí Bọ́lá wá láti Ìpetumodù, wọ́n ń fi òwú tútù nu ètè wọn. Mọ́mì ń gbàdúrà lápá kan ọ̀dẹ̀dẹ̀, Àáfà ń fa tẹ̀sùbáà lápá kejì, bí ẹnì kan bá sì ti ṣàdúrà tán, ìkejì á ní àmín. Ohun tó nira jù fún Yèyé ni kí wọ́n jókòó láìse nǹkan. Wọ́n gbìyànjú. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kan gbóòórùn nǹkan lára fúláàsì tíì tí wọ́n gbé wá, ó sì bi wọ́n pé àgbo ta ni. Yèyé ní tàwọn ni, pé ara àwọn ni kò yá. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ mu ún nígbà náà, Màmá, kí ara yín le." Ó dúró tì wọ́n. Yèyé, tí kò lè parọ́ kó má parí irọ́, mu odindi fúláàsì tán lójú rẹ̀. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà, ilé ìgbẹ́ ni wọ́n wà. Bùọ̀dá Láyí la ojú nírọ̀lẹ́, wọ́n ní, "Yèyé dà?" Nígbà tí Mọ́mì sọ ibi tí wọ́n wà àti ohun tó gbé wọn débẹ̀, Bùọ̀dá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò le, ó sì dùn wọ́n níkùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni. Mọ́mì sunkún, èmi náà sunkún, láìmọ̀ pé ayọ̀ máa ń pani lẹ́kún.

Ó pẹ́ kí ojú wọn tó funfun padà. Ìgbéyàwó sún síwájú, dókítà sì kìlọ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọtí títí ẹ̀dọ̀ á fi sinmi. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe nídìí ẹ̀rọ ni pé wọ́n dín ṣòkòtò ìgbéyàwó ara wọn kù, nítorí ó ti di ti èèyàn méjì. Èsì àyẹ̀wò tó lọ ọ̀nà jíjìn dé lẹ́yìn náà: ibà pọ́njú ni lóòótọ́. Ẹni tó ni àìsàn wà nídìí iyán àti ọbẹ̀ elépo pupa nígbà tí ìròyìn rẹ̀ wọlé. Kò sí ẹlòmíràn tó kó o nínú wa. Bàbá mi ti oko dé pẹ̀lú òòlù, wọ́n ní àwọn á fọ́ ìkòkò náà. Yèyé ní kí wọ́n gbé òòlù wọn dànù. "Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Èmi ni mo sìn ín, èmi ni n ó lé e." Wọ́n tẹ ìkòkò, omi dà, tanwíjí jó díẹ̀ lórí ilẹ̀, wọn kò jó mọ́. Wọ́n wá dojú rẹ̀ dé, wọ́n jókòó lé e. Láti ọjọ́ náà, àga wọn nìyẹn. Ọ̀dọ̀ mi ni ìkòkò náà wà báyìí, ní Mayfair níbí ní Ifẹ̀, ó ṣì dojú dé.

Orí rẹ̀ ni Yèyé jókòó sí lọ́jọ́ tí àwọn alábẹ́rẹ́ tún wá sí ìta wa. Yèyé ti mọ gbogbo ibi tí ọmọ lè sá sí, wọ́n lo ìrírí. Wọ́n ní kí wọ́n wo ẹ̀yìn ààrò, a bá ọmọ méjì níbẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Àáfà, a bá Àáfà fúnra wọn níbẹ̀, wọ́n ní àwọn ń wá bàtà. Nígbà tí wọ́n gún gbogbo wa tán, Yèyé ká apá bùbá sókè, wọ́n sì nà án sí nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní wọn kì í sábà gún àgbàlagbà tó tó wọn, kó má baà dá àìsàn sílẹ̀. Inú Yèyé bàjẹ́ gidi. "Ọjọ́ tí mò ń sá, wọ́n ń lé mi. Ọjọ́ tí mo gbé apá kalẹ̀, wọ́n ní mo ti gbó." Nọ́ọ̀sì bẹ̀ wọ́n, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí n lọ gbé àga wá fún Màmá, pé orí ìkòkò yẹn le jù fún ìdí arúgbó.

"Fi àga sílẹ̀," ni Yèyé wí. "Ẹni tó bá tún fẹ́ fi ọmọ pamọ́ síbí, yóò kọ́kọ́ gbé mi kúrò ná."